Omi Abọ́ Tó Gba Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Kọjá

Òórùn ẹja àti epo pupa tó ti sùn mọ́jú nínú omi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá rántí ilé wa ní Atakpamé. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, bí ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà. Lẹ́yìn ilé ìdáná, lápá òkè, ni gọ́tà àdúgbò wà. Níwájú, lápá ìsàlẹ̀, ni ọgbà kékeré kan wà níbi tí a sin bàbá mi sí, tí màmá mi máa ń gbá láràárọ̀ kó tó gbá yàrá tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, òórùn náà kò dára rárá, síbẹ̀ bó bá ta sí mi nímú níbòmíràn lónìí, ọkàn mi á fà sílé.

Inú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ló ti ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lomé ló rà á, àlòkù láti ilẹ̀ òyìnbó, nígbà tí oríkèé ìka màmá wa wú, tí kò lè di kànìnkànìn mú dáadáa mọ́. Ẹ̀bùn náà ní àdéhùn nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ kó màmá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, màmá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi ọkọ òun nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò pé bí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó dúró sílé rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Lomé yá. Èmi ni mo so ó mọ́ ẹ̀rọ omi, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti da omi rẹ̀ nù tán rí.

Mo ti Datcha, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní sáyẹ́ǹsì, gun alùpùpù wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, omi tó ti rú dúró nísàlẹ̀. Mo yọ asẹ́ rẹ̀, mo bá egungun ẹja àti fọ́nrán kànìnkànìn níbẹ̀, nítorí bó ti wù kí ìka dun màmá mi tó, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ fọ abọ́ kó tó kó o fún ẹ̀rọ.

“Màmá, iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn kẹ̀.”

“Kí àlejò wá bá ìdọ̀tí nílé mi?”

Mo fọ asẹ́ náà mọ́, mo tú tiyó, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà jáde, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo tan ẹ̀rọ. Ó kùn, ó kùn, omi gòkè díẹ̀, ó sì tún padà wálẹ̀. Àárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní ṣé kí òun wá kó màmá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá gbọ́. Ó tún ń ṣa ẹ̀wà tó ti ṣà tẹ́lẹ̀.

Ìbínú ló jẹ́ kí n fa ẹnu tiyó náà wálẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi rọ́ jáde ṣáá! Èmi tíṣà sáyẹ́ǹsì, mo fẹ́ kí omi gun òkè. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ga ju agbára ẹ̀rọ náà lọ. Ṣùgbọ́n màmá mi ló ní kí n gbé tiyó gba ibẹ̀, pé omi ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ ṣàn gba iwájú bàbá. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ lé búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ màmá kò ní tó o. Bí omi bá sì ń ṣàn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò máa gbé e dà nù? Apá ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́.

Màmá gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Ó bọ́ síta, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

“Nígbà tó wà lórí àìsàn,” ó ní, “kò sí oúnjẹ tí mo gbé fún un tí kì í kọ́kọ́ bi mí pé, ‘Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?’ Tí n kò bá tíì jẹ, kò ní fọwọ́ kàn án.” Ó fi ẹsẹ̀ ti ewé gbígbẹ kan kúrò. “Gbé e gba ibí. Bó bá ti gbọ́ omi, á mọ̀ pé mo ti jẹun.”

Mo fi ìṣó gbé tiyó kọ́ ara ògiri díẹ̀, kí omi má baà máa sá jáde kí ẹ̀rọ tó fọ abọ́ tán, mo sì darí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, sínú kòtò tóóró tí mo gbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ bàbá kọjá. Màmá mi kò lọ Lomé. Ilé náà ló darúgbó sí, ibẹ̀ ló kú sí, ẹ̀gbẹ́ bàbá ni a sì sin ín sí.

Ní báyìí, bí mo bá lọ sùn níbẹ̀, èmi nìkan ni mo máa ń jẹun. Mo máa ń ti abọ́ kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ ńlá náà, n ó tan án, n ó jókòó síta títí omi yóò fi ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní mò ń fi iná àti omi ṣòfò. Òótọ́ ló sọ. Àárò wọn ló ń sọ mí. Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí bóyá mo ti jẹun, ilẹ̀ wa kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan mọ́ tó ń dá òkèlè dúró de ìdáhùn mi.