Fìrígò Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá ti pọ́n jù, tí ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, òórùn dídùn kan a máa jáde lára rẹ̀, bí ti ohun tó fẹ́ di ọtí. N kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀ nínú ilé mi. Òórùn yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, láàárọ̀ ọjọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò ní abúlé wa lẹ́yìn Pobè. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́jọ́ náà. Ìrì ṣì wà lórí tapólì tí a sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ orí ba láti mọ̀ bóyá ó ń mí, òórùn náà sì gbá mi nímú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni mo fà á, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Akpakpa ní Kútọnu ni a ń gbé nígbà náà, ní agboolé tí yàrá mẹ́fà yí àgbàlá oníyanrìn kan ká. Bàbá mi ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀gbẹ́ kànga ló máa ń to àwọn bátìrì sí, òórùn omi kíkan inú wọn a sì máa dàpọ̀ mọ́ ti ẹja tí àwọn ará ilé kejì ń yan. Àwọn ọkọ̀ àlòkù ń gba èbúté wọlé lákòókò yẹn pẹ̀lú ẹrù nínú, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní bàtà ọmọdé nínú. Inú ọ̀kan tí bàbá mi rà ni fìrígò náà wà. Funfun ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè. Okùn iná rẹ̀ kò jọ ti ilé. Ihò tí awakọ̀ ti ń tanná sí sìgá ni wọ́n ń kì í bọ̀. Bàbá ṣàlàyé fún wa pé àwọn òyìnbó a máa wakọ̀ lọ sínú igbó, wọn a pàgọ́ síbẹ̀ fún ìgbádùn, wọn a sì gbé fìrígò dání. Màmá mi béèrè bóyá wọn kò ní ilé ni. Ó kó aṣọ ọmọ ọwọ́ sínú fìrígò náà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ìyá Àgbà ní àtọ̀gbẹ. Bàbá ló ń gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó tó jẹun. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa nípa oògùn náà: kó wà nínú òtútù, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dì, nítorí bó bá ti dì, kò wúlò mọ́, kódà bó bá tún yọ́ padà. Ọ̀dọ̀ ará agboolé wa kan tó ní fìrígò ńlá la ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Nígbà náà ni ìròyìn dé láti abúlé pé àbúrò Ìyá Àgbà ti kú, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Bàbá fẹ́ gbé e lọ kí àwọn sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ parí, ó wá ní, "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. Ṣé nítorí abẹ́rẹ́ ni n kò ṣe ní jókòó tì í di ọjọ́ kẹjọ?" Bàbá dìde. Ó wọ yàrá, ó da aṣọ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, ó sì gbé fìrígò òyìnbó náà jáde.

Odindi ọjọ́ kan ló fi dán an wò, èmi ló sì fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn láti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí a ń yí láti oókan dé aárùn-ún, tó tutù jù. Eéjì ni kó máa wà. Ìgò oògùn méjèèjì á wà nínú agbọ̀n kékeré tó so lábẹ́ ìdérí, nínú aṣọ, kó má fara kan irin ìsàlẹ̀ tó ń mú òtútù wá. Bàbá á tan ọkọ̀ fún ààbọ̀ wákàtí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí bátìrì lè gba agbára. Bí a bá fẹ́ sùn, kí n fa okùn yọ. Bí a kò bá ṣí i, òtútù inú rẹ̀ á tó títí ilẹ̀ á fi mọ́. "Bátìrì ni agbè rẹ̀," ni Bàbá wí. "Bó bá mu ún gbẹ, ọkọ̀ ò ní dìde." Ó tún fi ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ lórí gbogbo iṣẹ́ kún un, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé mi kan. Mo fa ìlà sínú rẹ̀ fún wákàtí, fún bọ́tìnnì àti fún okùn.

Ọjọ́ kẹta òkú la dé abúlé. Màmá dúró ti àwọn àbúrò mi ní Kútọnu. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí fìrígò náà hàn, Bàbá Ràímì, ìbátan wa kan, wò ó títí, ó ní, "A ní kí ẹ wá bá wa dárò, ẹ tún gbé pósí tiyín dání." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti gbọ́ ìròyìn náà. Ilé ti kún. Bàbá so tapólì mọ́ ọkọ̀ àti igi máńgòrò, a tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní àwa náà ti di òyìnbó tó ń pàgọ́.

Ọjọ́ méjì lọ láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá gun ọ̀kadà zémìjàn lọ sí Pobè láti wá àgbò fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí fìrígò. Oòrùn mú gan-an. Àwọn àfáà ń bọ̀ láti abúlé mìíràn wá ṣàdúà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tantí Sàfúrá, ọmọ olóògbé, wá dúró lẹ́nu ọkọ̀ pẹ̀lú ìgò omi mẹ́fà.

"Ọmọ Kútọnu," ló wí, "ṣé oògùn nìkan ni fìrígò yín mọ̀? Àwọn àgbàlagbà rin oòrùn wá kí bàbá mi, omi gbígbóná la ó wá gbé fún wọn, òtútù sì ń bẹ nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìrẹsì rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bóyá ọmọ náà ń fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bó ṣe rí. Ta ló kọ́ wa láti sọ fún àgbà pé rárá, nígbà tí ohun tó béèrè jẹ́ omi, tí omi náà sì jẹ́ ti àlejò, nínú ilé ọ̀fọ̀? Mo gba ìgò náà. Wọn kò wọlé tán bí agbọ̀n ṣe wà níbẹ̀, mo bá yọ ọ́, mo tú oògùn kúrò nínú aṣọ, mo fi méjèèjì sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Mo yí bọ́tìnnì sí aárùn-ún.

Nígbà tí àwọn àfáà parí àdúà, yìnyín ti ń ṣeré lọ́rùn àwọn ìgò náà. Àgbà wọn gbé tirẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó mu ún. Ó béèrè orúkọ mi. Mo ní Mulikátù. Ó ní, "Mulikátù, òǹgbẹ kò ní gbẹ ọ́ láyé, kò ní gbẹ ọ́ lọ́run." Gbogbo ilé ṣe àmín. N kò tíì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu àgbà báyẹn rí, inú mi sì dùn dé ibi pé ó pẹ́ kí n tó rántí oògùn.

Méjèèjì ti dì gbagidi. Mo há wọn mọ́ abíyá mi lẹ́yìn ọkọ̀ títí wọ́n fi yọ́. Ohun tó máa ń funfun bí wàrà ti wá ní ègé kéékèèké nínú, bí ògì tí kò dára. Mo fi aṣọ wé wọn, mo dá wọn padà sínú agbọ̀n, mo yí bọ́tìnnì sí eéjì. Mo ṣí kàyé. Lórí ìlà ọ̀sán ọjọ́ náà, níbi tó yẹ kí n kọ aárùn-ún, mo kọ eéjì.

Bàbá dé nígbà tí wọ́n ń pèrun Màgàríbà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò rí inú ìgò dáadáa. Kàyé ló wò. Ó kà á, ó mi orí, ó fa oògùn, ó gún ìyá rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ mo sì ń wo abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà mu omi títí igbá fi ń dòfo. Ó ń lọ sẹ́yìn ilé, ó ń bọ̀, ó tún ń béèrè omi. Wọ́n ní ẹkún ló ń gbẹ omi ara rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, kò dá ẹni tó ń kí i mọ̀ dáadáa. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ni. Bàbá gún un láàárọ̀ kùtù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó tún gún un nírọ̀lẹ́. Ìgbà tó yẹ kí n fa okùn yọ, n kò fà á. Mo rò pé bí oògùn bá ń rí òtútù tó yẹ láìdáwọ́ dúró, á padà bọ̀ sípò. Bí ọmọ ọdún méjìlá ṣe ń ronú nìyẹn, nígbà tó bá ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ keje ni mo gbọ́ òórùn yẹn. A pè é, kò dáhùn. Bàbá gbé e sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kò ṣí iwájú ọkọ̀ wò. Okùn ló kọjú sí.

"Mulikátù, ta ló fi èyí sílẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó fa okùn náà yọ. Ó ké sí àwọn ọkùnrin, wọ́n sì wá. Àfáà tó mu omi mi ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó fi èjìká ti ọkọ̀ nínú yanrìn. Bàbá Ràímì tì í, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Nígbà tí a dé ìdàgẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ jí.

Tantí Sàfúrá gbé orí Ìyá Àgbà lé ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Èmi wà níwájú, fìrígò lórí itan mi. Ẹ̀ṣẹ̀ okùn tí mo jẹ́wọ́ ti bo èkejì mọ́lẹ̀. Mo lè fi í síbẹ̀. Àfi bí Bàbá ṣe ní oògùn náà ṣáà wà lọ́wọ́, pé bí a bá ti dé ilé ìwòsàn, òun á ní kí wọ́n fi gún un kíá.

"Bàbá, kí wọ́n má fi gún un. Ó ti dì rí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: omi, irin, abíyá mi, kàyé. Ó béèrè ọjọ́. Mo ní ọjọ́ tó lọ wá àgbò ni. Ó wa ọkọ̀ lọ díẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ mẹ́ta," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọwọ́ ara mi ni mo fi gún un."

Kò lù mí nígbà náà, kò lù mí lẹ́yìn náà. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ní, "Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀. Má fi ọ̀kan sílẹ̀." Mo sọ ọ́. Dókítà da oògùn náà nù, ó wá tuntun.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Àgbà la ojú, ní àkókò tí wọ́n ń ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún àbúrò rẹ̀ láìsí òun níbẹ̀. Bàbá ti sọ fún un. Ó wò mí títí, mo rò pé yóò béèrè ìdí rẹ̀.

"Omi tí àwọn àfáà mu," ló wí, "ṣé ó tutù?"

Mo ní ó tutù.

"Ó dáa." Ó kọjú sí ògiri, ó sì sunkún nítorí àbúrò rẹ̀. Ó gbé ọdún mẹ́ta sí i láyé. Kò padà dárúkọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjà Missèbo ni mo ti ń ta aṣọ báyìí, Agblangandan ni mo ń gbé. Àìsàn náà ti kàn mí, bó ṣe máa ń kan àwọn kan nínú ìdílé. Fìrígò kékeré kan wà nínú ọkọ̀ ọmọ mi fún oògùn mi. Fìrígò náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ bí òtútù inú rẹ̀ ṣe tó, bí bátìrì bá sì fẹ́ gbẹ, á pa ara rẹ̀. Síbẹ̀, mo ń gbé ìgò oògùn sí ojú ìmọ́lẹ̀ kí n tó fà á.

Láìpẹ́ yìí, níbi òkú kan ní Ṣakété, wọ́n gbé omi wá kí n bá wọn fi sínú fìrígò náà fún àwọn àlejò. Mo ní rárá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè mí ní ahun lẹ́yìn mi, kò sì dùn mí. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn kò ní lè sọ rárá yẹn láé, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ohun tó sọ nínú ọkọ̀ lọ́nà Pobè, pẹ̀lú fìrígò lórí itan rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó fura sí i, n kò tíì jẹ́wọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo ti ní ìdí láti sọ ọ́, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.