Àpótí Ìṣirò Bàbá Mi-Ò-Gbà

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dójú ti ọ̀gá àgbà níwájú àwọn àlejò ni gbogbo ọ́fíìsì sọ ọkùnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn ní Bàbá Mi-Ò-Gbà. Táìlì ni ilé-iṣẹ́ wọn ń tà. Òun ló kọ àpótí kékeré tí oníbàárà máa ń kọ gígùn àti ìbú yàrá sí lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè bá a ṣírò iye táìlì tó máa lò. Ọ̀gá àgbà fẹ́ fakọ yọ, ó kọ "Ẹ káàbọ̀" sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé, "Mi ò gbà."

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ yín ò mọ èèyàn kí?" ọ̀gá àgbà bi í.

"Ìṣirò ni mo kọ́ ọ, sà. Mi ò kọ́ ọ ní ìkíni."

Obìnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, tí Bàbá máa ń pè ní Àbúrò, mọ ohun tó fà á. Gbogbo ohun téèyàn bá kọ sínú àpótí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa ń ṣe, ìbáà jẹ́ ìṣirò, ìbáà jẹ́ àṣẹ. Ni ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí bá kọ àṣẹ sí i, gbogbo àwòrán táìlì wọn pòórá. Látìgbà náà, nọ́ńbà, àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti àmì àkámọ́ nìkan ni Bàbá ń gbà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kàn lè lé àwọn tó burú ni?"

"Ta ló mọ gbogbo ohun tó burú? Mo mọ èyí tí mo fẹ́. Kí ìyókù dúró síta."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nílé. Àna rẹ̀ kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Èmi ni." Bàbá ní òun ò retí ẹni tó ń jẹ́ Èmi. Inú òjò ni ìyàwó rẹ̀ ti bá àna náà.

Ọ̀rọ̀ yàrá roboto ló dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò fẹ́ kó gba àmì tó ń mú kí nọ́ńbà fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, torí òun ni wọ́n fi ń ṣírò ilẹ̀ irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dúró sí ọsibítù, Àbúrò dá a ṣe. Kò tíì di ọ̀sán tí oníbàárà kan fi lo àmì náà, ó kọ mẹ́sàn-án lórí mẹ́sàn-án lórí mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò nọ́ńbà tó gùn kọjá agbára rẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

Àbúrò pe Bàbá lórí fóònù, ó ti múra sílẹ̀ de ìbáwí.

"Ṣé ó ti ṣe é tán?" Bàbá bi í.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

"Pa á, kó lọ sinmi. Tí mo bá dé, a jọ máa fi àmì yẹn sí i, a ó kàn fi ààlà sí bí nọ́ńbà ṣe lè tóbi tó."

Kò dé mọ́. Àbúrò ti ń sọ pé òun á lọ kí i, àmọ́ iṣẹ́ kan ṣáà máa ń yọjú. Ọjọ́ tó wọ bàtà láti lọ gan-an ni ìyàwó Bàbá pè. Àbúrò jókòó, kò sì bọ́ bàtà náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ìyàwó náà wá kó ẹrù ọkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó bi Àbúrò pé, "Ṣé ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Lójoojúmọ́, mà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rọra jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bára yín jiyàn, ṣe ló máa ń kọrin wọlé," ó ní. "Ó ní ìwọ nìkan lo máa ń gbọ́ òun dópin kó o tó bínú."

Àbúrò lọ bu omi wá fún un. Ó pẹ́ kó tó padà.