Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí Kò Sá fún Bàbá Mi

Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta mí nímú kí n tó fojú rí i: òórùn kíkan kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá da ìtọ̀ òbúkọ sórí rọ́bà tó ń jóná. Ẹ̀yìn ilé wa ní Barking Riverside ni, níbi tí wọ́n kọ́ àwọn fúláàtì tuntun sí lórí ilẹ̀ iléeṣẹ́ mànàmáná àtijọ́. Nígbà náà, ilé kò tí ì kún ibẹ̀. Koríko gígùn ló lọ títí dé etí odò Thames, tí afẹ́fẹ́ ń tì í síwá, tì í sẹ́yìn, bí ọ̀dàn Òkè-Ògùn tí wọ́n bí mi sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ibi ìkẹ́rùsí kan ní River Road, ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Bí mo bá ti tibi iṣẹ́ dé, inú koríko yẹn ni mo máa ń gbà lọ. Mo mọ ojú ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yàtọ̀ sí ti ajá: ti ajá fẹ̀, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìka méjì tó wà níwájú sì jìnnà sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ débi pé bí o bá fi igi ìṣáná dábùú àárín wọn, kò ní kan ọ̀kankan. Mo mọ̀ pé ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, pé irun eku àti kóró èso máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá lè kàwé tó bẹ́ẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, ọkàn òun ì bá balẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá mi. Òun nìkan ló kù láyé nínú òbí èmi àti ìyàwó mi, ìdí nìyẹn tí a fi fìwé pè é wá, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ wa lórúkọ. Mo ti ń fọ́nnu fún un lórí fóònù pé ẹranko ń rìn kiri àdúgbò wa lọ́sàn-án gangan. Inú mi dùn pé èmi ni n ó fi ẹran han ọdẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, a ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà jókòó ti garawa ìdọ̀tí, ó ń wò wá. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Kò sá. Ó la ẹnu, ó yán. Ká tó wí ká tó fọ̀, bàbá mi ti fà mí lápá wọlé tí èjìká mi fi dún.

"Wọlé! Má wẹ̀yìn!"

Ẹnu yà mí. Ọkùnrin tó máa ń dúró lójú iná nígbà tí wọ́n bá ń sun ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀rùn, tí túùkú ń já kọjá níwájú rẹ̀, ló ń gbọ̀n lórí àga wa. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa gbà pé ẹranko tó bá rí ènìyàn tí kò sá, kì í ṣe ẹran. Ọdẹ tó bá pàdé irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohun ayọ̀ kankan nítòsí ibẹ̀.

"Bàbá, bí gbogbo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ìlú yìí ṣe rí nìyẹn. Ara wọn ti mọ́ ènìyàn. Ó wà nínú ìwé."

"Ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ka ìwé ọ̀hún?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín," bàbá mi wí fún un. "Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé yìí. Ẹ bá mi wá ọkọ̀ òfúrufú tó ń padà."

Ìyá òyìnbó tó wà nílé kejì ló tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, ó jáde tòun ti ẹran sọ́séèjì lọ́wọ́, ó lóṣòó, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà sì wá gbà á jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú fèrèsé ni bàbá mi wà.

"Kí ló ń pè é?"

"Olólùfẹ́, Bàbá."

"Ó tán! Ọkọ ẹ̀ ni!"

A wá tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọmọ kò dúró de tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi bí ọkùnrin. Nígbà tí a gbé e délé, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti òkèèrè, kò nawọ́ sí i. Ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ló máa wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ìyàwó mi bi mí tẹkúntẹkún pé, "Kí lọmọ mi fi ṣe wọ́n?"

Ó kù díẹ̀ kó máa lọ, bàbá mi pè mí sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án.

"Ẹ̀rí kan ló kù tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́. Ọdẹ á tẹ́ fìlà rẹ̀ sójú ọ̀nà nǹkan náà. Bó bá jẹ́ ẹran, á ṣe ìdọ̀tí sí i. Bí kì í bá ṣe ẹran, kò ní lè kọjá á."

Ó ṣí fìlà. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí orí bàbá mi láìdé fìlà rí. Àgọ́ ọdẹ ló ti máa ń fárí, ó sì ń dé fìlà sùn. Àpá kan là á lórí láti àtàrí dé ẹ̀yìn etí, ó ki bí okùn.

"Bàbá, kí ló ṣe yín lórí?"

"Ẹfọ̀n kan ni. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Èmi àti àbúrò mi la jọ lọ. Èmi nìkan ni mo bọ̀."

Ibà ni wọ́n sọ fún wa pé ó pa àbúrò bàbá mi. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi òwe yẹn ṣe fáàrí, èmi tó rò pé ẹ̀gún àti òjò ni ìyà ọ̀hún.

A dúró sẹ́yìn fèrèsé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà jáde látinú koríko. Ó gbóòórùn fìlà, ó yí i po, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹranko náà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tọ̀ sí i, ó fẹnu gbé e, ó sì wọnú koríko lọ.

"Ẹran ni!" Bàbá mi pariwo débi tí ìyá òyìnbó fi yọjú lójú fèrèsé. "Ẹran lásán ni! Olè burúkú!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ wá." Kò wọ ọkọ̀ òfúrufú náà mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó kún pálọ̀ wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ bọ́ fìlà tirẹ̀, ó na án sí bàbá mi. Bàbá mi kọ̀ ọ́. "Ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ rí mi."

Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé báyìí, bàbá mi sì ti padà sílé tipẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, a máa ń pè é lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Bí ọmọ bá wà níwájú fóònù, bàbá mi á ṣí fìlà tuntun tó rà, á dorí kodò, ọmọ á máa fìka tọ àpá náà lórí gíláàsì fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa béèrè ìbéèrè, bàbá mi á sì máa dá a lóhùn. Mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Nígbà tó bá wá kàn mí, tí mo gba fóònù, á ti dé fìlà rẹ̀ padà.