Apá Òsì Bùbá Ìyá Mi

Lẹ́yìn tí àwọn dókítà ní Ìdí-Àràbà gé ọmú òsì ìyá mi kúrò nítorí jẹjẹrẹ, ìyá mi ò sunkún. Wọ́n dá gbogbo ẹni tó wá kí wọn lóhùn, wọ́n mu ògì, wọ́n tiẹ̀ ń bi nọ́ọ̀sì kan léèrè bóyá ó ti lọ́kọ. Ìgbà tí a padà sílé ní Ìpọ̀nrí, níbi tí àwa méjèèjì ń gbé, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n wọ bùbá kan níwájú dígí, wọ́n rí i pé aṣọ náà dúró dáadáa lápá ọ̀tún, ó sì sọ̀ wọ̀ọ̀ lápá òsì bí aṣọ tí a fi kọ́ ìṣó. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n mú òmíràn. Bùbá tí wọ́n wọ̀ tí wọ́n bọ́ lọ́jọ́ yẹn tó mẹ́jọ, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ bá télọ̀ yín, kó bá yín tún wọn ṣe."

"Kó wá gbé téèpù lé mi láyà? Kó wá máa wò mí?" Wọ́n kọjú sí ògiri. "Kò sí télọ̀ tó máa fọwọ́ kàn mí mọ́. Bí o bá lè rán an, rán an. Bí o ò bá lè rán an, màá jókòó sílé."

Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ ò ju kí n fi lẹ bọ́tìnnì lọ, bọ́tìnnì ọ̀hún á sì tún já kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n ìyá mi jókòó sílé lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọn ò dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, wọn ò sì lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo bá lọ yá ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àǹtí kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tó máa ń fi rán àpò ìrọ̀rí. Ó fi bí òwú ṣe ń wọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn mí, ó ní, "Ìyókù, ọwọ́ ẹ ló máa kọ́ ẹ."

Nígbà tí wọn ò ti jẹ́ kí n fi téèpù kan àwọn, mo tẹ́ bùbá wọn kan sórí ìwé ìròyìn, mo fi báírò fa ìlà yí i ká. Mo wá ń wá aṣọ tí mo lè fi dánra wò. Nísàlẹ̀ àpótí wọn, mo rí àdìrẹ kan tó ti ṣá, mo rò pé àkísà ni. Mo gé e. Mo gbẹ́ ọrùn rẹ̀ jìn níwájú, mo tún gbẹ́ ẹ jìn lẹ́yìn, mo sì rán apá rẹ̀ kan ní òdì. Síbẹ̀, inú mi dùn pé mo rán nǹkan kan tó jọ aṣọ. Mo gbé e lọ fún ìyá mi.

Wọ́n fọwọ́ pa á. Wọ́n gbé e símú. "Níbo lo ti rí aṣọ yìí?"

"Ìsàlẹ̀ àpótí ni, Màámi."

"Aṣọ tí ìyá mi fi pọ̀n mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí."

Gbogbo ẹkún tí wọn ò sun ní ọsibítù, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sun ún. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n, n ò sì mọ̀ bóyá aṣọ ni wọ́n ń sunkún lé lórí tàbí ọmú. Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, yàtọ̀ sí "Ẹ káàárọ̀" mi tí wọ́n ń dá lóhùn, wọn ò bá mi sọ nǹkan kan. Mo ti fi ìdérí bo ẹ̀rọ náà kí n lè dá a padà. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo bá wọn níwájú dígí lọ́jọ́ kẹta, tí wọ́n ń ki ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé sínú kọ́mú.

Mo fi bùbá sílẹ̀ ná, mo dojú kọ kọ́mú. Mo rán àpò kékeré roboto kan sínú rẹ̀, mo ki òwú tí wọ́n fi ń nu egbò kún un. Ó rí bó ṣe yẹ kó rí. Wọ́n gbà láti wọ̀ ọ́ lọ sí àsàlátù. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, òwú tí kò wúwo náà sún gòkè títí ó fi dé abẹ́ ọrùn, wọn ò sì mọ̀, àfi ìgbà tí obìnrin kan fi tó wọn létí. Wọ́n délé, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. "Ọmú kì í wá sí ọrùn," ni wọ́n wí.

Mo da ìrẹsì sínú àpò kejì kí ó lè wúwo. Òógùn wọ ìrẹsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kòkòrò sì jáde nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo ra ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́jà Yábàá, tí mo dì í sí àárín òwú, tí mo sì fi okùn há a mọ́ ìsàlẹ̀ kọ́mú, ló tó dúró. Ìyá mi fò díẹ̀ wò nínú pálọ̀. Wọn ò yìn mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n rán èkejì kí àwọn lè máa pààrọ̀.

Mo wá padà sídìí bùbá. Aṣọ tuntun ni mo rà lọ́tẹ̀ yìí. Ọrùn rẹ̀ gún, èjìká rẹ̀ jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi wọ̀ ọ́, apá òsì há ní ìgbọ̀nwọ́, kò lọ, kò bọ̀. Mo rò pé èmi ni mo tún gé e kéré. Mo gbé e lé ọ̀tún, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó wo apá wọn dáadáa.

"Màámi, apá yín wú!"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì," ni wọ́n wí, wọn ò wojú mi. "Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, á lọ."

Mo ti bínú kí n tó mọ̀, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe dákẹ́ nípa kókó tó yọ nínú ọmú náà nìyí títí ó fi di iṣẹ́ abẹ. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìró àyà wọn.

"Mú téèpù ẹ wá. Wọ̀n mí bí mo ṣe wà."

N ò tíì rí ojú àpá náà rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ abíyá, ó sì gba àárín àyà lọ. Mo wọn àyà, mo wọn èjìká, mo wọn apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ó burú?"

"Kò burú, Màámi."

"Má parọ́ fún mi."

"Ó gùn."

"Ó gùn lóòótọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí Ìdí-Àràbà. Dókítà ní omi ara ni kò rí ọ̀nà gbà lápá náà mọ́, pé a ó máa wọ́ ọ, a ó sì máa fi báńdéèjì dì í, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé á lọ tán. Ó tún ní kí a wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn, kí a lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà ti padà. Kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, mo rán bùbá kan tí apá òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ìyá mi wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó fura.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tú apá òsì bùbá yẹn, nítorí wíwú náà ń lọ, ó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rí àlékún aṣọ tí mo ṣẹ́ pamọ́ sínú ojú ìrán bùbá náà, wọ́n bi mí pé kí ni mo fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ fún.

"Bóyá apá tún máa wú, Màámi. Màá kàn tú u fẹ̀ ni."

"Bí mo bá wá rù ńkọ́?"

Èsì àyẹ̀wò tí a lọ ṣe ní Ìdí-Àràbà kò tíì jáde. Mo ní, "Màá dín in."

Wọ́n na apá òsì sí mi kí n wọ bùbá náà fún wọn.