Ìkọ́ Òkè Fèrèsé Mi

Ìkọ́ tí ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí!

Amsterdam ni mo ti rí irú rẹ̀, níbi tí mo ti lọ kí ọmọ mi. Odò ni wọ́n gbẹ́ sí iwájú ilé, àtẹ̀gùn wọn há, ìkọ́ irin tó wà lókè ilé ni wọ́n fi ń fa ẹrù gba fèrèsé.

Nígbà tí wẹ́dà ṣe tèmi sókè fèrèsé, Alhaji tí a jọ wà ládùúgbò ní, "Daddy, ẹran Iléyá lẹ fẹ́ so síbẹ̀ ni?"

Láàárọ̀ yìí, kọ́bọ́ọ̀dù ò gba àtẹ̀gùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo yẹ okùn wò. Èmi àti àwọn tó gbé e wá fà á, ó gba fèrèsé wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́!

Alhaji ní, "Daddy, ta ló bá yín ṣe é?"

Mo ní kó lọ bi alápatà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé mo ṣàṣejù?