Ewé Ọ̀pẹ ní Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Wa

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà tó ń yọ́ nínú oòrùn, ara mi kì í lélẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dà sójú títì ni mò ń sọ. Ọ̀dà Agbabu ni, dúdú tó ń sun fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀ létí oko àwọn ènìyàn, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń dí ojú ibi tó bá ń jò lára ọkọ̀ wọn. Bàbá wa fi í dí igun àpótí pákó tí àbúrò mi fẹ́ gbé lọ sí ìlú Òyìnbó, kí òjò má baà wọ inú aṣọ rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò, àpótí náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Orè, gbogbo ilé sì ń rùn bí etí odò.

Orè ìgbà náà kì í ṣe Orè tí ẹ mọ̀ yìí. Oríta kan ni, igbó yí i ká, ariwo ayùn tó ń la gẹdú kì í sì í jẹ́ kí ẹyẹ sinmi. Agbégilódò ni bàbá wa ń wà. Wọn kò kọlu nǹkan kan rí, àfi ewúrẹ́ kan, tí wọ́n sì ń búra pé ewúrẹ́ náà ló wá kọlu àwọn. Ìyá wa ní oko kòkó díẹ̀ ní Omifúnfun. Èmi ni àkọ́bí. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbúrò mi ló ń sọ ti àwa méjèèjì. Bó bá wọlé, adìẹ ẹ̀yìnkùlé pàápàá á mọ̀.

Ọdún kejì òmìnira ni, àwọ̀ àsíá tuntun kò tí ì ṣá níwájú ilé ìwé wa. Ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí àbúrò mi pé kó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó fi jáde, ọkọ̀ ojú omi kò lè gbé e débẹ̀ mọ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, bí kíláàsì bá sì bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò rí i, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún. Ó di dandan kó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí kòkó àti gẹdú mú wọlé kò ká owó ọkọ̀ láti Ìkẹjà. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé àwọn Faransé ń dín owó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọkọ̀ tiwọn tó ń gbéra ní Kùtọ̀nú, nílẹ̀ Dàhòmì. A béèrè wò, òótọ́ ni. Owó wa ká ti Kùtọ̀nú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń lọ. Bí a kò bá bá ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó parí.

Láti ọjọ́ tí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni bàbá wa kò ti jẹun jókòó pẹ́ mọ́. Òkèlè kejì, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ wo táyà ọkọ̀ kékeré tí ọ̀gá wọn yá wọn.

Ìyá wa ní, "Bàbá àwọn ọmọ, táyà tí ẹ wò lánàá náà ló wà níbẹ̀ o."

"Táyà tí a kò wò ló ń bẹ́," ni wọ́n fi dá wọn lóhùn, wọ́n sì tún jáde.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ìyá wa bu omi àdúrà, wọ́n wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn kò tẹ̀ lé wa. Wọ́n ní bí àwọn bá rí ibi tí irin yóò ti gbé ọmọ àwọn fò, ojú àwọn kò ní gbà á. Bàbá wa jókòó sídìí ọkọ̀, àbúrò mi wà láàárín, èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ibì kan ọ̀dà, ibì kan erùpẹ̀ pupa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà rí títí dé Ìjẹ̀bú. Bí a bá ti rìn díẹ̀, bàbá wa á ní, "Páásípọ́ọ̀tù ńkọ́?" Àbúrò mi á lu àpò rẹ̀: "Ó wà níbí, Bàbá." Nígbà tí a dé Ṣàgámù, ó ní, "Bàbá, ẹ ti pè é jù. Ó máa tó fúnra ẹ̀ dáhùn." Wọn kò rẹ́rìn-ín. A sùn lọ́dọ̀ ará ilé wa kan ní Mushin, a sì gbéra bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́.

Okùn ni wọ́n ta dínà ní ẹnu ibodè Ìdí-Ìrókò. Àwọn tiwa lu òǹtẹ̀ sí ìwé, wọ́n ní ká máa lọ. Lódìkejì, kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó wọ ṣòkòtò péńpé jáde sí wa, Yorùbá ló sì ń sọ, bí àwọn Ànàgó ṣe ń sọ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti kúrò nílé, a kò sì tí ì kúrò nínú èdè wa. Ó na imú sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Kí ló ń rùn báyìí? Ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ gbé pa mọ́ ni?"

"Àpótí mi ni, ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò mi wí. "Bí ti òfurufú bá já mi sílẹ̀, òun ni màá wà lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí wò, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá wa. "Baba, ọ̀tún o. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá okùn yìí, ọ̀tún la ń gbà. Òsì tí ẹ mọ̀ yẹn, ẹni tó ń bọ̀ ló ni ín."

Bàbá wa ti gbọ́ ọ rí, bí a ṣe máa ń gbọ́ nípa yìnyín. Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n nu àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò.

Ẹ rántí pé òsì ni gbogbo wa ń gbà ní Nàìjíríà nígbà yẹn, apá ọ̀tún ọkọ̀ sì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Nígbà tí a bọ́ sí ọ̀tún, etí igbó ni bàbá wa wá wà, èmi tí mo wà lápá òsì ni mo súnmọ́ àárín títì. Bí ọkọ̀ kan bá wà níwájú wa, èmi nìkan ló lè rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ni mo wá di ojú fún awakọ̀. "Ọ̀tún, Bàbá," ni mo ń wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Pariwo!" ni àbúrò mi wí. "Ṣé ìgbà tá a bá dọ́run lo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ni?"

A ti fi Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Dàhòmì sílẹ̀ nígbà tí lọ́rì kan tó ru àgbá epo yọ lójijì ní kọ́nà. Ohun tí bàbá wa ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń wakọ̀ náà ni wọ́n ṣe: wọ́n já a sí òsì, síwájú lọ́rì gan-an. N kò mọ ohun tí mo kígbe. Wọ́n já a padà, lọ́rì náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá mi, ooru rẹ̀ fẹ́ sí mi lójú, ọkọ̀ wa sì dúró nínú koríko, táyà kan létí kòtò. Awakọ̀ náà bú wa ní èdè tí a kò gbọ́, ṣùgbọ́n èébú kò nílò ògbufọ̀.

Bàbá wa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, wọn kò wo táyà. Wọ́n fa àdá yọ lábẹ́ ìjókòó, wọ́n lọ sí ìdí ọ̀pẹ kékeré kan létí ọ̀nà, wọ́n gé màrìwò tútù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ tí a ń so màrìwò sí níwájú. Ọkọ̀ òkú ni, kò sì sí awakọ̀ tí kì í yà fún un.

Àbúrò mi bẹ́ sílẹ̀. "Bàbá, kí lẹ̀ ń so síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹni tó bá rí i á fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wa."

"Ṣé òkú ni mí ni?"

"Imọ̀ ọ̀pẹ kan náà tí ò ń jù sókè lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ lo wá ń bẹ̀rù?"

"Tọjọ́ yẹn, ọwọ́ alààyè ló ń wà. Èyí tó bá wà níwájú ọkọ̀, gbogbo ayé ló mọ ohun tó ń gbé." Ó jókòó sínú koríko pẹ̀lú aṣọ rere tó fẹ́ fi wọ ìlú Òyìnbó. "N kò wọ̀ ọ́."

"Ọkọ̀ òfurufú kò ní dúró dè ọ́ o."

"Kó máa lọ."

Oòrùn ń gun òkè. Mo ń wo ọ̀kan, mo ń wo èkejì, oríkunkun kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì. Nígbà náà ni bàbá wa sọ̀rọ̀, ní èdè Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, èyí tí wọ́n kì í sọ sí wa àfi bí nǹkan bá dùn wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ẹrù tí àwọn ti gbé láti ìgbà tí àwọn ti ń wakọ̀, àwọn mọ ibi tí àwọn já a sí. Ti ọmọ yìí nìkan ni àwọn kò ní rí ibi tí wọ́n á já a sí. Wọ́n kàn di okùn màrìwò náà mú, wọn kò so ó, wọn kò sì tú u.

Àbúrò mi dìde. Ó gba màrìwò náà lọ́wọ́ wọn, ó ya ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó ju ìyókù sígbó. Ó so ewé náà mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó ta á ní kókó bí ẹni ń di egbò.

"Ibi tí ewé yìí bá wà, Bàbá, ibẹ̀ ni kí ẹ máa gbà."

"Ẹ jẹ́ ká lọ!" ni mo wí. Ó le débi pé àwọn méjèèjì yíjú wò mí. Láti ibẹ̀ dé Kùtọ̀nú, ẹnu mi kò dákẹ́ mọ́: ọ̀tún, ọkọ̀ ń bọ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ kọjá, ọ̀tún, ọ̀tún. Ohùn mi ti há kí a tó rí òkun.

Wọ́n ti ń pe àwọn èrò nígbà tí a dé pápá ọkọ̀ náà. Atẹ́gùn òkun ń da iyanrìn sí wa lójú. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó gbé àpótí gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó fajú ro. Àbúrò mi kúnlẹ̀, bàbá wa sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí, ewé ọ̀pẹ sì ń gbọ̀n létí gèlè rẹ̀. Bàbá wa tó lè gbàdúrà láti alẹ́ mọ́jú nílé àdúrà wa, wọ́n ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde.

"Páásípọ́ọ̀tù ńkọ́?"

"Ó wà níbí, Bàbá."

Nígbà tí a padà kọjá okùn Ìdí-Ìrókò, mo ní, "Òsì, Bàbá," wọ́n sì bọ́ sí òsì. Wọn kò tú ewé náà. Ó gbẹ lọ́wọ́ wọn ní Orè, ó já fúnra rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Àbúrò mi di nọ́ọ̀sì, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí ọ̀tún, tí jìnnìjìnnì bo àwọn awakọ̀ Orè, bàbá wa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ní oríta. "Èmi ti kọ́ tèmi nígbà tí ẹ ṣì ń sùn. Ẹ lọ wá ọmọbìnrin kan tí á máa pariwo mọ́ yín létí."

Ní ìdúnta ni bàbá wa kú, ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Ìkẹjà ni ọkọ̀ òfurufú gbé àbúrò mi bà sí. Bí a ṣe ń gbé wọn lọ sin sílé àwọn baba wọn ní Odigbo, awakọ̀ so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀. Mo wo àbúrò mi, mo rò pé yóò tún bínú jókòó sínú koríko. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ya ewé kan níbẹ̀, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi, lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó sáàárín bí ti àtijọ́, ó fi ẹnu ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi.

N kò rántí iye owó tí àwọn Faransé dín kù fún wa nígbà yẹn mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní owó wa ká ti Ìkẹjà ni, bàbá wa ì bá já àbúrò mi sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹrù, kí wọ́n sì yí ọkọ̀ padà. Àìtó owó ló fún wa ní gbogbo ọ̀nà yẹn, àwa mẹ́ta lórí ìjókòó kan, kí wọ́n lè béèrè páásípọ́ọ̀tù títí ọkàn wọn á fi gbà.

A gba ọ̀tún lọ sí Odigbo. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ dín eré kù, èyí tó wà níwájú bọ́ sétí igbó, olówó àti tálákà, gbogbo wọn ló ń yà fún wa, bí bàbá wa ṣe sọ pé wọn yóò ṣe.