Tíṣà Tí Nọ́ọ̀sì Ní Kó Dùbúlẹ̀

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ yí bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́yìn?"

Bí nọ́ọ̀sì tó ń wọkọ̀ ojú omi wá tọ́jú bàbá mi ní Zion Pepe, abúlé wa tó wà létí omi, ṣe máa ń kí mi nìyẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá dùbúlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ sójú kan sì ti dá egbò sí wọn níbàdí. Kí ọmọbìnrin náà tó jókòó, á ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ bàbá, á máa wá ibi tó gbóná.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ìlera, pàúdà ni mo ń dà sójú egbò bí ẹni ń fi iyọ̀ sẹ́ja. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí i, ó fọ gbogbo rẹ̀ dànù, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀ onípákó wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má mira títí n ó fi di egbò yìí tán."

Kó tó gé báńdéèjì, egungun ìdí ti ń ro mí, mo ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ máa bá wọn ṣe é, ní wákàtí méjì-méjì."

Ojú tì mí. Mo ń yí bàbá tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, egbò náà jiná, mo sì ń retí kó yìn mí. Nọ́ọ̀sì ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá.

"Àwọ̀ gìgísẹ̀ yìí ti ń yí padà, sà."

Mo ní mi ò mọ̀ pé gìgísẹ̀ náà wà lára ibi tí egbò ti lè dá sí. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Kò tíì bó," nọ́ọ̀sì fi ọkàn mi balẹ̀. "A tètè rí i. Ẹ wá nǹkan tá a máa fi gbé ẹsẹ̀ wọn sókè."

Dípò oríyìn, ìrọ̀rí ni mo sáré lọ wá.